Ọjọ́ tí Owó Jẹ́rìí Ta Ko Lọ́yà Adéwùsì

"Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá yẹn." Ohun tí Lọ́yà Adéwùsì sọ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn lọ́yà wí nìyẹn. Ìyá náà ti kú. Fadérẹ̀rà, ọmọ rẹ̀, ló pe lọ́yà náà lẹ́jọ́ pé ó gba owó ìyá òun, kò sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé kóòtù rárá.

Alága kò bá a jiyàn. Ó ní kó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, kí owó inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Owó ayé ìsinsìnyí kì í gbàgbé ohùn ẹni tó san án.

Ohùn arúgbó kan jáde: "Lọ́yà, ẹ fi èyí gba ilé àwọn ọmọ mi padà o. Ẹ ṣáà ní ẹjọ́ ti dé kóòtù."

Gbogbo ìgbìmọ̀ dìde dúró láìmọ̀. Lọ́yà bọ́ ẹ̀wù dúdú rẹ̀ kí wọ́n tó dájọ́.

Fadérẹ̀rà kò tilẹ̀ wò ó. Ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì.

"Ẹ kú àtijọ́, Màámi."