Máìkì Tí Ohùn-Oyin Lóun Ti Pa

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí kan ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín mú yín gbàgbé ẹ̀kọ́ ibẹ̀.

1.

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ohùn-Oyin. Òun ló ń kéde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bó bá ti ní, "Ẹ sún sẹ́yìn, ọkọ̀ ń bọ̀," ẹni tí kò rìnrìn àjò gan-an á fẹ́ wọkọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń kéde fúnra rẹ̀ dé, wọ́n ní kí Ohùn-Oyin máa lọ sílé. Ọdún méjì gbáko ló fi jókòó. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ló ń gbọ́ bùkátà ilé.

Àfi bí Ọlọ́run ṣe gbọ́ àdúrà obìnrin yìí. Ọ̀gá ilé ìwé kan, ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ń wá ẹni tí yóò máa ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ tí kò ríran. Iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Ó ní kí Ohùn-Oyin kàwé fún òun lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ọjọ́rú, aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí ohùn rẹ̀ bá tẹ́ òun lọ́rùn, iṣẹ́ ti di tirẹ̀.

2.

Ohùn-Oyin ra máìkì ńlá kan, ó gbé e ka orí tábìlì bí ọba. Ó gba yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ, ó ní aṣọ tó kún ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ohùn ta padà. Ó lé máṣíìnì obìnrin náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ó gbohùn sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gbọ́. Yéè! Ohùn jìnnà réré, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga. Ó wọ sẹ́tíǹgì, ó fa ìwọ̀n ohùn sókè. Ariwo tún bá a wá, ó ń hó ṣùù bí ìkòkò orí iná. Ó bú wáyà. Ó bú fáànù. Ó bú ọmọ jòjòló tó ń sunkún ní òdìkejì ọ̀nà.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú. "Baba wa, ẹ má bínú. Ìlà aláwọ̀ ewé tó ń fò lórí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ gbá máìkì yín lórí, kò mira. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó fò sókè. Àbí etí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ yín, tí kì í ṣe máìkì?"

Ohùn-Oyin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Aránṣọ! Ṣé òwú ni mo ní kí o bá mi fi sí abẹ́rẹ́ ni? Ogún ọdún nídìí máìkì, ìwọ lo fẹ́ wá júwe rẹ̀ fún mi?"

"Ẹ ṣáà wo orúkọ máìkì tó wà níbẹ̀."

"Lọ wo ṣòkòtò oníbàárà rẹ!"

Obìnrin náà lọ wo ṣòkòtò oníbàárà rẹ̀.

3.

Ọjọ́rú pé. Ohùn-Oyin wọ kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó máa rí i. Ó ka ojú ewé kan fún ìyá àgbà lórí kọ̀ǹpútà.

Ìyá àgbà ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ohùn yín jìnnà díẹ̀."

Ó fa ìwọ̀n ohùn dé òkè pátápátá.

"Ó tún wá ń hó báyìí. Ẹ tún un ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ìkánjú. Mò ń dúró."

Ohùn-Oyin tẹ bọ́tìnnì tó wà lọ́rùn máìkì ńlá, iná pupa tàn. Ìyẹn ni pé ó ti pa á. Kó lè dá a lójú, ó tún mú gèlè ìyàwó rẹ̀, ó fi wé máìkì lórí. Ó wá fara ti kọ̀ǹpútà, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó nídìí máṣíìnì.

"Ṣé o gbọ́ ìyá arúgbó yìí? Etí ẹ̀ ló dí! Ohùn tiẹ̀ alára dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Jẹ́ kí n ríṣẹ́ yìí gbà ná. Tí mo bá ka ojú ewé kan, màá fo kan. Àwọn ọmọ tí kò ríran, ta ló máa mọ̀?"

"Baba wa, ẹ dákẹ́! Ìlà yẹn ń fò!"

"Kí ló ń fò? Mo ti pa á!"

Ó tú gèlè, ó tẹ bọ́tìnnì, ó da oyin sóhùn. "Ẹ kú ìdúró o, ìyá wa àtàtà."

Ìyá àgbà dá a lóhùn.

"Ohùn yín ti wá mọ́ gaara, ọ̀gá. Ti ìyàwó yín náà mọ́. Ó dàbọ̀ o, ẹ jẹ́ kí n lọ fi epo sí ilẹ̀kùn mi."

Ó pa ìpè náà.

4.

Aránṣọ fa àga, ó jókòó. Ó ṣí sẹ́tíǹgì. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀: ti máìkì ńlá, àti ti máìkì kékeré tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà ni wọ́n fàmì sí. Ó mú àmì náà kúrò, ó fi sí èkejì.

"Ẹ sọ̀rọ̀ wò."

"Ọ̀kan… méjì…" Ohùn jáde, ó dùn bí afárá oyin. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ mọ́.

Ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ náà. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fo ojú ewé. Máṣíìnì aránṣọ ti padà sí àyè rẹ̀, Ohùn-Oyin ló sì ń bá a rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Títí dòní, bí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lásán bá wà nítòsí, á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń gbọ́ òun kó tó sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ohùn yín kò bá já gaara, ẹ má kàn máa fa ìwọ̀n rẹ̀ sókè. Ẹ kọ́kọ́ wo máìkì tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Ẹni tó bá sì rí ohun tí ẹ ò rí, ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ohun tí ẹ ò lè sọ lójú èèyàn, ẹ má sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè má gbọ́, ṣùgbọ́n etí Ọlọ́run kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń pa á.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.