Ohùn Tí MP3 Yọ Dànù

Ilẹ̀kùn sítúdíò mi ní Ṣágámù máa ń han bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà létí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò han rárá. Mo kàn gbójú sókè ni, mo rí obìnrin kan níwájú mi. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan lóde, síbẹ̀ ìró ìdí rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Bọ̀dá Fọlárìn, ẹ kú iṣẹ́. Orin arẹmọlẹ́kún ni mo fẹ́ kọ fún ọmọ mi."

Mo ń tẹ dùùrù, ó ń kọrin, kọ̀ǹpútà ń gbà á sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé orí mi wú.

Nígbà tó parí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, WAV ni kẹ́ ẹ fi í pamọ́ sí. Ẹ má fi í sí MP3 o."

Mi ò fẹ́ràn kí oníbàárà máa kọ́ mi níṣẹ́ mi. WAV, fáìlì ńlá tí kì í yọ ohùn kankan dànù, ti gba gbogbo àyè inú kọ̀ǹpútà mi.

"Àǹtí, orin kan náà ni. Ohun tí etí èèyàn ò lè gbọ́ nìkan ni MP3 máa ń yọ dànù, kí fáìlì lè kéré."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ mi ò ní gbọ́ mi mọ́."

Mo fi í sí MP3, mo pa WAV rẹ̀ rẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí a jọ gbọ́ ọ.

Dùùrù dún. Ibi tó yẹ kí ohùn ti wọlé, kò sí ohùn. Mo yí i sókè. Dùùrù nìkan ni.

Mo yíjú sí i. Obìnrin náà ṣì dúró níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ó ń pariwo mọ́ mi débi pé iṣan ọrùn rẹ̀ le.

Òjò orí páànù nìkan ni mo ń gbọ́.