Àárọ̀ Tí Ìńtánẹ́ẹ̀tì Ilé Sàlíhù Dákẹ́

Nígbà tí Aneesah fi máa gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ onílọ́ńdìrì, ìńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ nílé. Wáyà wà ní ààyè rẹ̀, iná ara Wáì-Fáì ń ṣẹ́jú bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó ń wọlé sórí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni. Aago mọ́kànlá ni ilé ìwòsàn kan lókè òkun tó ń wá nọ́ọ̀sì fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí fídíò, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn ò ní sún un síwájú.

"Bàámi, ìńtánẹ́ẹ̀tì ò ṣiṣẹ́ o."

"Mo ti rí i," ni Sàlíhù dáhùn. "Mò ń wò ó lọ́wọ́."

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ètò náà. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣe iṣẹ́ iná ní fákítọ́rì kan ní Ìlúpéjú, ìgbà tí wọ́n sì dá a dúró, ó jókòó, ó kọ́ Línúùsì, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, fúnra rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í dúró nínú ilé wọn ní Mushin. Ó gbé àńtẹ́nà sórí òrùlé, ó fa wáyà rẹ̀ wọnú kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí Línúùsì wà lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà yẹn ló ń gba ìńtánẹ́ẹ̀tì tó sì ń pín in káàkiri ilé. Ó ti ṣe irú rẹ̀ fún ilé mẹ́rin míì ládùúgbò. Láti ọdún mẹ́rin tí ìyá Aneesah ti kú, òun àti ọmọ náà nìkan ló kù nínú yàrá méjì yẹn.

Ó lóṣòó ti kọ̀ǹpútà. Ó yọ wáyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó dá a padà. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Ó gun òrùlé lọ, ó sọ̀ kalẹ̀, òógùn ti bò ó. Ó tún yọ wáyà kan náà.

Aago mẹ́sàn-án kọjá dáadáa nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìdíátù, dé láti Èbúté Mẹ́ta. Ó wá ṣàdúà fún ọmọ kí ìńtáfíù tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àbúrò rẹ̀ nílẹ̀.

"Sàlíhù, ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń tún ti àwọn ará àdúgbò ṣe ni?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ti ọmọ ẹ ló wá ṣòro?"

Ojú tì í. Kò gbé orí sókè. "Bóyá Ọlọ́run ò fẹ́ kó lọ ni," ó ní.

"Wáyà là ń sọ, o ń pe Ọlọ́run sí i!"

Aneesah ní kí òun sáré lọ sí káfẹ́ kan ní Yaba. Wọ́n rántí pé ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni ilé ìwòsàn náà béèrè fún. "Ẹ jẹ́ ká pe Jeffrey," ni Ìdíátù wí.

"Kò tíì dé ibẹ̀ yẹn," ni Sàlíhù sọ kíákíá. Ìdíátù ti jáde.

Jeffrey ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ní ìsọ̀ tó dojú kọ ilé wọn. Sàlíhù fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní Línúùsì. Jeffrey wọlé, ó kí wọn, ó sì rọra sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jókòó, ẹ sinmi díẹ̀." Sàlíhù dìde fún un bí ọmọ iléèwé tí kò rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Jeffrey tẹ nǹkan díẹ̀. "Kọ̀ǹpútà yìí ń jáde síta dáadáa. Ìńtánẹ́ẹ̀tì wà lórí ẹ̀." Ó bọ́ sídìí láàpútọ́ọ̀pù. "Eléyìí náà ń rí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò tàtaré ohun tó ń gbà fún un." Ó padà, ó ṣí fáìlì kan. "Ẹ wò ó. Ibi tó yẹ kó jẹ́ oókan, òdo ni. Òdo yẹn ló ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba orí ẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá pa á tí ẹ tún tàn án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òdo náà ló máa kà. Àkókò tó wà lára fáìlì fi hàn pé ẹnì kan ló kọ ọ́ síbẹ̀, láàárọ̀ yìí."

Aneesah tẹ̀ síwájú.

"Èmi ni," ni Aneesah wí. "Mo fẹ́ kó yá sí i ni. Mo ka nǹkan kan lórí fóònù, mo sì lọ fọwọ́ kàn án."

Jeffrey wò ó. Ó wo Sàlíhù. Ó yí òdo padà sí oókan, ó ní ó dàbọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìńtánẹ́ẹ̀tì dé. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìdíátù jágbe mọ́ Aneesah. "O fẹ́ fọwọ́ ara ẹ ba ayé ara ẹ jẹ́! O wá ń wo bàbá ẹ tó ń gun òrùlé kiri? Kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ ẹ́!"

Aneesah kúnlẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàámi."

Ojú gba Sàlíhù tì débi pé ògiri ló ń wò. "Dìde," ó ní. "Dìde, aṣọ ẹ á dọ̀tí."

Ọmọ náà wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Láti pálọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ èdè òyìnbó tí ọmọ náà ń sọ, kedere, láìgé. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdíátù ń ka tẹ̀súbáà. Sàlíhù jókòó sétí àga, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láàárín orúnkún.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Aneesah dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n gbà mí. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lóṣù kẹsàn-án."

"Àlùhámúdùlíláì!" Ìdíátù fò sókè, ó dì mọ́ ọn, ó sì sáré jáde lọ sọ fún àwọn aládùúgbò.

Aneesah wá jókòó ti bàbá rẹ̀. "Ẹ ò ní sọ nǹkan kan ni?"

Sàlíhù lanu láti jẹ́wọ́ pé òun ló fọwọ́ ara òun kọ òdo náà, kí ọmọ òun má baà lọ fi òun nìkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n Aneesah ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni, Bàámi, látìgbà tí ẹ ti ń yọ wáyà kan náà ṣáá, kí Jeffrey tó wọlé."