Ìwé Ọwọ́ Akọ̀wé

Sátidé mẹ́ta gbáko ni Akọ̀wé ìjọ fi wá jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́, Sátidé mẹ́ta náà sì ni onígbàjámọ̀ ò fi rí oorun sùn dáadáa.

Irun ni onígbàjámọ̀ ń gẹ̀ láti Mọ́ńdé dé Fúráìdé. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, á ti ṣọ́ọ̀bù, á gba gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ, á fi àwàdà wàásù fún àwọn ọ̀dọ́. Á ṣe Jónà nínú ẹja, tó na fóònù sókè tó ń wá nẹ́tíwọ̀kì. Á ṣe ìyàwó Nóà, tó fọwọ́ gbádìí tó ń bi ọkọ rẹ̀ pé: "Bàbá Ṣẹ́mù, Olúwa ní ká mú ẹ̀fọn méjì wọlé, mo gbọ́. Ṣé Ó tún ní kí wọ́n máa bá wa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ni?" Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ìgbà tí ẹ̀rín bá ń rọlẹ̀ ló máa tó ṣí Bíbélì. Ọmọ mẹ́jọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta báyìí.

Àwọn àgbà ìjọ ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

"Orin inú fóònù, àwàdà inú fóònù, ṣé ìyẹn náà ló dìhìnrere?" Bàbá Káfíńtà, ọ̀kan nínú wọn, ló sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. "Ẹni tá a bá fẹ̀rín mú wọlé, ẹkún kékeré ló máa lé e jáde."

Ìgbìmọ̀ àgbà wá fìpàdé sí Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù, láti pinnu bóyá wọ́n á gba ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá ìpàdé yẹn gan-an ni Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ta ni ò mọ ìwé ọwọ́ Akọ̀wé? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òun ló ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nípàdé, tó bá sì ti kọ ọ̀rọ̀ ẹnìkan sílẹ̀, olúwarẹ̀ ò lè jiyàn mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ohun tó kà jáde nínú ìwé ni wọ́n fi yọ olórí akọrin nípò.

Tó bá dé, á gbé fíláàsì oúnjẹ kan àti àpò aṣọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Wọ́n á fi omi lọ̀ ọ́, á ní ẹ ṣeun. Tí onígbàjámọ̀ bá ń ṣàwàdà, bírò rẹ̀ á máa sáré lórí ìwé. Tí onígbàjámọ̀ bá ṣí Bíbélì, á dé bírò, á máa wo aago ara ògiri. Kì í dúró gba àdúrà ìparí. Kò sì rẹ́rìn-ín rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ṣé ẹ rí i?" ìyàwó onígbàjámọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. "Oúnjẹ tiẹ̀ ló ń gbé wá, kó má baà fẹnu kan omi wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó máa ń jókòó níwájú ńkọ́, èyí tẹ́rìn-ín rẹ̀ máa ń ròkè jù? Oṣù méjì rèé tá ò ti fojú kàn án. Bàbá rẹ̀ ló dá a dúró."

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Rọra kẹ̀? Tí wọ́n bá gba àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ yín, kí lẹ máa ṣe?"

Onígbàjámọ̀ dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ náà nìkan ló jẹ́ kó gbà pé Ọlọ́run rí nǹkan fi òun ṣe láyé yìí, ẹ̀rù sì ń bà á gidi gan-an.

Ní Sátidé kẹta, Akọ̀wé fọwọ́ pè é.

"Ibi ẹ̀fọn yẹn, báwo lo ṣe yí ẹnu? Ṣe é kí n rí i."

Onígbàjámọ̀ káwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwàdà lásán ni."

"Mo ní kó o ṣe é."

Ó yí ẹnu. Akọ̀wé tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ yọjú wo ìwé náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló wà níbẹ̀ láìku ẹyọ kan, tíṣà sì ti fi bírò pupa fa ìlà sídìí àwọn kan.

Ó délé, kò lè jẹun. Kó tó di Sátidé kẹrin, tí ìpàdé ku ọ̀la, ó ti pinnu. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó mú ìwàásù lórí èrè ẹ̀ṣẹ̀, ó sì kà á láti òkè délẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ń wo ojú ara wọn. Wọ́n ń dìde ní méjì méjì. Bó ṣe ń kà á lọ ló ń rí bẹ́ǹṣì tó ń ṣófo, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Àmọ́ ó wo ẹ̀yìn. Akọ̀wé ti ṣíwèé, ó ti ṣí bírò, ó ń retí, kò sì rí ohunkóhun kọ. Ọkàn onígbàjámọ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn. Ẹ̀rí ò sí nílẹ̀. Wọn ò ní lè lé e.

Lẹ́yìn àdúrà ìparí, Akọ̀wé ṣì wà níbẹ̀. Ó gbé fíláàsì àti àpò rẹ̀, ó gba àárín bẹ́ǹṣì òfìfo wá síwájú. Onígbàjámọ̀ dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé kò sí tòní ni?" ni bàbá náà wí, ó na ojú ewé funfun náà sí i. "Jọ̀ọ́, bó jẹ́ ẹyọ kan péré, wọn ò ní jẹ́ kí n wọ wọ́ọ̀dù ọsibítù mọ́ tó bá ti kọjá aago márùn-ún ààbọ̀, oṣù méjì rèé tọ́mọ mi ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ, Bíbélì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò sóhun tó ń pa á lẹ́rìn-ín àfi èyí tí mo bá kà fún un nínú ìwé yìí."