Fèrèsé Keje

Bàálù ẹ̀yà kejì nìkan ni àwọn tó ń ta àwòṣe inú páálí, bàálù kékeré tí èèyàn ń fọwọ́ tò, ń tà. Imú rẹ̀ gùn, abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ewé mẹ́rin, fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ méje lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yà àkọ́kọ́, tí imú rẹ̀ kúrú, tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì ní ewé mẹ́ta, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń fẹ́ ní tiwọn. Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù láyé nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ wá sí àgbàlá wọn, wọ́n sì da tápólì bò ó di ọjọ́ ìṣíde. Wọ́n ní ẹni tó bá lè to àwòṣe rẹ̀ láìní àbùkù, inú àpótí gíláàsì ni àwọn yóò gbé e sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni náà gàdàgbà níwájú rẹ̀.

Télọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀. Bàbá Ìwọ̀n ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń to àwòṣe, torí kò sí iṣẹ́ ẹni tí kì í fi rúlà wọ̀n. Ó ti mú àgbàlagbà ọkùnrin sunkún rí nítorí ìrù bàálù tó fi bíńtín gùn jù. Látìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń rán kóòtù fún àwọn ẹni ńlá, àwọn ẹni ńlá sì ń gba oríyìn káàkiri, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ta ló rán an. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọra.

"Kí ló le níbẹ̀?" ó bi ìyàwó rẹ̀. "Kóòtù tó bá tóbi, ṣebí dídín la máa ń dín in."

Ó dín in lóòótọ́. Ó fi ayùn kékeré gé imú rẹ̀, ó yọ ègé kan, ó lẹ ìyókù pọ̀, ó fi sáńdípépà fá a títí tí ojú àpá fi rá. Ìdérí ike ìpara ìyàwó rẹ̀ ló fi gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ eléwé mẹ́ta. Ìpara gbẹ, ìyàwó bínú, kò gbọ́. Ó fi pọ́tì dí fèrèsé keje lápá òsì. Ìgbà tó kan apá ọ̀tún ló dáwọ́ dúró.

Gbogbo fọ́tò ẹ̀yà àkọ́kọ́ tó rí, apá òsì, níbi tí fèrèsé ti jẹ́ mẹ́fà, ni wọ́n ti yà wọ́n. Ọ̀kan péré ló wá láti apá ọ̀tún, ó ti ṣá, nǹkan dúdú kan sì wà lẹ́yìn fèrèsé kẹfà. Ó gbé e lọ sípàdé ẹgbẹ́.

"Fèrèsé nìyẹn," ó ní. "Méje ló wà lọ́tùn-ún."

Oníṣègùn eyín tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá, ó jọ ìdọ̀tí lójú tèmi o. Mẹ́fà-mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́."

"Dókítà, ihò eyín lẹ mọ̀. Ẹ fi ti bàálù sílẹ̀ fún wa."

Ilé rẹ́rìn-ín arìntàkìtì. Oníṣègùn eyín palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́, ó lọ sílé. Fèrèsé keje dúró lápá ọ̀tún, àwòṣe náà sì gbégbá orókè.

Lọ́jọ́ ìṣíde, mínísítà dúró níwájú àpótí gíláàsì, ó fi ìka kan fèrèsé tó kẹ́yìn lọ́tùn-ún. "Ìdí èyí gan-an ni mo jókòó sí lọ́mọdé," ó ní, "lórí itan ìyá mi." Àtẹ́wọ́ sọ, wọ́n ya fọ́tò ìka náà. Nígbà tí èrò yà síbi ohun mímu, Bàbá Ìwọ̀n nìkan ló yí lọ sápá ọ̀tún bàálù gidi. Mẹ́fà ló kà. Ó tún un kà. Lẹ́yìn ìkẹfà, irin lásán ló wà níbẹ̀, kò sí ojú àpá kankan.

"Ta ló mọ̀?" ìyàwó rẹ̀ bi í nílé.

"Èmi mọ̀."

"Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, baálé mi. Ẹ panu mọ́."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta lẹ tún sọ fún, Bàbá?"

"Ìyàwó mi nìkan ni."

"Ẹ ṣeun tí ẹ tètè wá. Àwòṣe àti bàálù gidi ò lè máa ta ko ara wọn níṣojú ọmọ ilé ìwé. A máa tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Ajé."

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò, ọ̀gá. Ìyẹn ló tọ́ sí mi."

"Orúkọ yín kẹ̀? Kò síbi tó ń lọ. Ẹ ṣáà fún mi ní ìwọ̀n fèrèsé yẹn, kó péye o."

Omi bọ́ lójú bàbá. Ó ka ìwọ̀n náà fún un, gígùn àti ìbú, ó sì kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ oníṣègùn eyín ló gbà lọ. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, òun náà ló fi ń wọ́lẹ̀ lọ bá a.

"Dókítà, mẹ́fà ni. Ẹ forí jì mí."

Oníṣègùn eyín gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu obìnrin tó wà lórí àga. Ó ki ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀, ó sì na pọ́tì kékeré kan sí i. "Ti eyín nìyí. Kì í sán. Ẹ lọ fi bá wọn dí i."

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Ìwọ̀n mú pọ́tì náà dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó bá àwòṣe rẹ̀ nínú gíláàsì bó ṣe wà, ó sì tẹ̀ lé ariwo kan dé àgbàlá, níbi tí wẹ́dà méjì ti gun àkàbà lápá ọ̀tún bàálù gidi, wọ́n ń fi iná gé ihò sára rẹ̀, ọ̀gá sì dúró nísàlẹ̀, ó ń ka gígùn àti ìbú sí wọn létí.