Àbàtà Ẹ̀yìnkùlé

Ọ̀gá gbé òǹtẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó dúró níwájú rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ìwé àṣẹ ìkọ́lé tó wà lórí tábìlì.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú. Tí wọ́n bá fi yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà ẹ̀yìnkùlé yẹn kí wọ́n lè kọ́lé lé e, inú ilé lomi máa yà sí."

"Mo débẹ̀ fúnra mi, ìyá. Gbogbo ibẹ̀ gbẹ táútáú."

"Inú ẹ̀ẹ̀rùn la wà! Ta ló ń yẹ àbàtà wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń yẹ gbogbo àbàtà wò, kí ẹrẹ̀ má baà ba bàtà rẹ̀ jẹ́. Ó ti ọwọ́ ìyá náà kúrò, ó sì lu òǹtẹ̀ náà gbàà.

"Ó parí. Èmi gan-an ò lè yí i padà mọ́. Tómi bá wọlé, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

Ìyá náà ò sunkún. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rò kan níbẹ̀, ó gbé e síwájú ọ̀gá.

"Ẹ bá mi fún ìyàwó yín ní kọ́kọ́rò yìí. Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni, mo gbàgbé láti fi í kún ìyókù."

"Ìyàwó tèmi? Kọ́kọ́rò ilé wo?"

"Òun ló ra ilé mi tó wà létí àbàtà yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n má sọ fún yín, òun fẹ́ fi yà yín lẹ́nu. Nítorí tiyín ni mo ṣe wá bẹ̀ yín."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ẹ tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń parí lọ."