Oṣù Tí Kóòtù Dá Sàbínà Sílẹ̀

"Dókítà, láyé àwọn tó kọ ìwé kóòtù yìí, oṣù wo ni ọdún tuntun ń wọlé?" Ìyá Delfin ló béèrè, ẹni tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní kóòtù kan ní Fajíníà.

Dókítà náà, tó jẹ́ òpìtàn, rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Oṣù Kẹ..." Ó yára tún déètì inú ìwé kóòtù náà wò.

Oṣù Kẹta ni, nítorí wọn ò tíì yí kàlẹ́ńdà padà nígbà náà. Nínú ọdún 1741 tiwọn, oṣù Kọkànlá ló ṣáájú oṣù Kìíní. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé tí òpìtàn náà kọ, tó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, sọ pé oṣù Kìíní ni kóòtù dá ẹrúbìnrin tó ń jẹ́ Sàbínà sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ dẹrú padà ní oṣù Kọkànlá.

"Ta ló tún mọ̀?" Òpìtàn náà ń nu omijé ojú rẹ̀.

"Èmi, ìwọ, àti Olúwa. Mo lè panu mọ́, ọmọ mi. Má sunkún, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Kì í ṣe tiṣẹ́, Ìyá." Ó mú pẹ́ńsù, ó fagi lé orí tó kẹ́yìn nínú ìwé ara rẹ̀. "Ní ìgbẹ̀yìn, kóòtù ti dá a sílẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ dẹrú padà nínú ìwé mi, fún ogún ọdún tó ti jáde."